Ihò Eléérú nínú ọyẹ́: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò láti Èkó dé igbó Ìsàrun

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Kìíní 2026: Èkó sí Àkúrẹ́

Ọkọ̀ wa ò tètè kún ní Ọ̀jọ̀tá. ₦17,000 ni wọ́n ń gbà lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan, àwọn èrò sì ń bá awakọ̀ nájà lórí owó ẹrù títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Èmi àti Dàmọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ jẹ́ọ́gíráfì ní yunifásítì, la jọ ń lọ. Ọyẹ́ bo gbogbo ojú ọ̀nà. Títí a fi kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, a ò rí kọjá igi etí títì. Màmá tó jókòó tì mí yọ ike òrí nínú àpò rẹ̀, ó fi ra ètè, ó sì nà án sí mi láìjẹ́ pé mo tọrọ. "Fi pa ẹnu, ọmọ mi. Ọyẹ́ tọdún yìí le."

Ihò Eléérú là ń lọ wò. Abẹ́ àpáta ni, nínú igbó Ìsàrun, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Níbẹ̀ ni Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti walẹ̀ ní 1965, tó sì bá egungun ẹnì kan tó gbé ayé nígbà tí òtútù ńlá ayé àtijọ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, n ò gbọ́ pé wọ́n rí egungun èèyàn mìíràn tó ti ìgbà yẹn wá ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Bí ẹ bá fẹ́ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ "Iwo Eleru" pẹ̀lú, torí bí àwọn ìwé àkọ́kọ́ ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ fún wa nípa èèyàn àtijọ́ àti ojú ọjọ́ ni ti ẹni tó kó ẹrù: òjò dá, wọ́n ṣí, odò gbẹ, wọ́n sá. Ti àwọn tó dúró ni mo ń wá kiri.

A ti kọjá Ọ̀rẹ̀, a ti ń súnmọ́ Oǹdó, kí táyà ẹ̀yìn tó bẹ́. Táyà mìíràn wà nínú ọkọ̀, jáàkì ni kò sí. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, a forí pamọ́ sábẹ́ igi kòkó. Bàbá olóko kan gbọ́ ariwo wa, ó gbé bẹ́ǹṣì jáde fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, ó sì ní kí ọmọ rẹ̀ sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà fún wọn. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí awakọ̀ ń dá ọkọ̀ dúró kiri láti yá jáàkì, mo bi bàbá náà bóyá kòkó ń so. Ó ní òjò tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún ti ń pẹ́ kó tó dé. Òun ti wá fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún àárín kòkó kí òjìji má baà wọ́n, òun sì ti fi ẹ̀gẹ́ sí apá ibi tí kòkó kú sí. "Bí èyí bá kọ̀, ìyẹn lè má kọ̀," ó ní, ó sì kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú ká tó wọ Àkúrẹ́. Iyán pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja pánlá, ₦3,500. Iyán náà gbóná, kò sì ní kókó. Mo jẹ àjẹkún.

Fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn: ẹ ò nílò láti wọ Àkúrẹ́ rárá. Ojú títì Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni Ìgbàrà-Òkè wà, ibẹ̀ ni kí ẹ sọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Kìíní: Àkúrẹ́ sí Ìsàrun

Ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ sí Ìgbàrà-Òkè, ₦1,500. Ọ̀kadà láti ibẹ̀ dé Ìsàrun, ₦1,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. ₦2,500 ni ọlọ́kadà kọ́kọ́ pè é nígbà tó rí kámẹ́rà lọ́rùn Dàmọ́lá. Ẹ fi kámẹ́rà sápò kí ẹ tó nájà.

Kò sí ẹni tó ń kọrí sínú igbó yẹn bẹ́ẹ̀ lásán. Ààfin la kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú ìgò ọtí ṣínáápù kan àti obì. Mo kúnlẹ̀, Dàmọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn olóyè tó wà níkàlẹ̀ fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò dáadáa: ta ló rán wa? Ṣé wúrà là ń wá? Ṣé ìjọba ni? Mo ní ojú lásán la fẹ́ fi wò ó, a ò ní wa erùpẹ̀, a ò sì ní mú òkúta lọ. Olóyè kan tó ti ń sùn ní igun kan ló lajú, tó ní, "Àwọn tó wá síbí lọ́jọ́sí náà fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá erùpẹ̀ lọ ni. Gbogbo ilẹ̀ yìí, erùpẹ̀ ni wọ́n ń dì sínú ọ̀rá." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ara wọ́n sì balẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọdẹ kan tí orí rẹ̀ ti funfun, wọ́n ní òun ni yóò mú wa lọ, ṣùgbọ́n ó di ọ̀la, torí oòrùn ti kọjá àtàrí. Owó ọdẹ, ₦10,000. Wọ́n tún ní ká jẹ́ kí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn mọ̀ pé a ó wọ igbó. Ẹ má fojú di èyí. Ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ lọ gan-an. Bí àwọn ará ìlú bá ní kí ẹ má lọ, ẹ padà.

Ilé ìyá àgbà kan, ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn olóyè, ni wọ́n fi wá wọ̀ sí. Ìyá ń pa èkùrọ́ lórí ọlọ. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọmọge, oòrùn kì í kan ilẹ̀ lójú ọ̀nà odò. "Ẹ̀rọ tó ń gégi yẹn ló jẹ́ kí ẹ máa rí ojú ọ̀run." Ó sun ewùrà fún wa, ó fi epo pupa àti iyọ̀ sí i, ó sì bá Dàmọ́lá wí pé kò jẹun bí ọkùnrin.

Kò síná lálẹ́. A jókòó síta nínú òtútù, àwọn ọmọ ilé sì yí Dàmọ́lá ká torí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó fi ìka ya ilẹ̀ Áfíríkà sórí iyẹ̀pẹ̀. Ó ní ní nǹkan bí 21,000 ọdún sẹ́yìn, òkun lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 120 mítà, débi pé ẹni tó bá dúró ní ibi tí etíkun Èkó wà lónìí yóò rìn jìnnà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan omi.

"Níbo ni omi náà lọ?" Ọmọbìnrin kan ló bi í.

"Ó di yìnyín. Ó gun orí ilẹ̀ lọ́hùn-ún, lápá àríwá ayé, ó ga ju òkè Ìdànrè lọ."

Òtútù yẹn ò dé ọ̀dọ̀ wa bíi yìnyín, bí ọ̀dá ló ṣe dé. Òkun tó tutù kì í fún atẹ́gùn ní ọ̀rinrin púpọ̀, nítorí náà òjò wa dín, ọ̀dàn gba ilẹ̀, ẹgàn sì sá sí àwọn kọ̀rọ̀ tí omi kì í ti í tán. Lẹ́yìn náà, láti nǹkan bí 14,800 ọdún sẹ́yìn, òjò padà. Kí ló dá a padà? Ọmọkùnrin kan ní òkòtó lápò. Dàmọ́lá gbà á, ó ta á, ó sì ní kí wọ́n wo bí orí rẹ̀ ṣe ń yí gbirigbiri bó ti ń rẹ̀ ẹ́. Orí ayé náà ń yí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyípo kan ń gba ohun tó lé ní 20,000 ọdún. Bó bá bọ́ sí ìgbà tí àsìkò ooru àríwá ayé bá àkókò tí ayé súnmọ́ oòrùn jù mu, ilẹ̀ àríwá Áfíríkà á gbóná gan-an, á fa atẹ́gùn òkun wọ inú, òjò á sì dé ibi tí kò dé rí. Aṣálẹ̀ Sàhárà di ilẹ̀ koríko àti adágún, erinmi ń wẹ̀ níbẹ̀. Adágún Chad fẹ̀ ju gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lọ. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe, kan ọkọ̀ ojú omi kan nínú ilẹ̀. Ọkọ̀ náà gùn tó mítà mẹ́jọ, ó sì ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń wá omi mu lónìí ni ẹnì kan ti gbẹ́ ọkọ̀ láti fi tukọ̀ lórí omi.

Òjò yẹn ò sì dúró sójú kan. Láàárín nǹkan bí 12,900 sí 11,700 ọdún sẹ́yìn, ọ̀dá tún padà. Òjò tún dé. Nígbà tó fi máa tó nǹkan bí 5,500 ọdún sẹ́yìn, Sàhárà ti ń padà sí aṣálẹ̀. Inú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni ẹni tí wọ́n sin sí Ihò Eléérú ti gbé ayé rẹ̀. Ìyá dáké, ó fetí sí gbogbo rẹ̀, ó wá bi Dàmọ́lá: "Ta ló ń gbin iṣu nígbà yẹn?" Dàmọ́lá ní kò sí ẹni tó ń gbin nǹkan kan. "Á á. Iṣu igbó ni wọ́n á máa wà nígbà náà," ni Ìyá wí. Ó sì sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí iṣu igbó wà lára okùn rẹ̀ tó ti gbẹ, àti oríṣi tí wọ́n gbọ́dọ̀ rẹ sínú omi kó má pa èèyàn. Ẹ̀kọ́ tiẹ̀ pẹ́ ju ti Dàmọ́lá lọ, mo sì gbádùn rẹ̀ jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Kìíní: Ihò Eléérú

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Bàbá ọdẹ fi kan ilẹ̀kùn. Àdá lọ́wọ́, ìbọn léjìká, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Ó wo bàtà kánfáàsì Dàmọ́lá, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan.

Oko kòkó la kọ́kọ́ là já, lẹ́yìn rẹ̀ oko ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ilẹ̀ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé gbogbo igi orí rẹ̀, tí pákó ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà gbẹ, ewé ń ró wàràwàrà lẹ́sẹ̀ wa. Ìrìn náà lé ní wákàtí kan dáadáa. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù alápá gígùn, ẹ̀yin tó bá fẹ́ lọ, torí wèrèpè ti gbó ní àsìkò yìí. Dàmọ́lá fi apá gba igi kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Ó họ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

Lẹ́yìn odò kékeré kan, ojú ọjọ́ yí padà lójijì. Igi tóbi, òjìji dé, ewé ilẹ̀ ò gbẹ mọ́, ọyẹ́ tó ti ń sun wá nímú látàárọ̀ sì fà sẹ́yìn. Àpáta náà yọ sí wa láàárín igi, ó na orí síwájú débi pé òjò kò lè kan ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀. Erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fúyẹ́, àwọ̀ eérú ni, ó sì ń fò bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọdẹ dáná ní igun kan láìpẹ́ yìí. Bàbá bu eérú níbi àárò yẹn, ó fi ra apá Dàmọ́lá láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká, ó gbọ̀n ọ́n nù, ó tún ra á. Kí a tó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà tán, ara ọmọ náà ti rọ̀.

Létí ibi tí omi òjò ti máa ń kán láti orí àpáta, ẹ ó rí èérún òkúta funfun tó ń dán, èyí tí kò ju èékánná lọ. Quartz ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé òkúta tó fọ́ fúnra rẹ̀ ni. Àwọn èèyàn Shaw ka iye tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ ibí yìí. Ọgbọ́n inú rẹ̀ wà nínú kíkéré rẹ̀. Àwọn tó ṣe irú òkúta báyìí kì í fi ọwọ́ lásán dì í mú. Wọ́n máa ń fi oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tàbí ọ̀pá ọfà. Kò sídìí láti wá òkúta ńlá tó dára lọ sọ́nà jíjìn, èyí tó wà nílẹ̀ ti tó. Irú kan náà ló ń ṣe ẹnu ọfà, òun ló ń ṣe ọ̀bẹ, òun ló ń há awọ. Bóyá inú ẹgàn lo wà o, bóyá inú ọ̀dàn ni, àpò kan náà lo gbé. Bàbá ọdẹ gbọ́ àlàyé Dàmọ́lá tán, ó ní, "Ẹnu ọfà ló ṣẹ́, ọfà ò bàjẹ́."

Nínú ilẹ̀ tó wà lókè, tí kò pẹ́ tó ti ìsàlẹ̀, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí àpáàdì àti àáké olókùúta tí wọ́n lọ̀ dan, irú èyí tí àwọn onísàngó ń pè ní ẹdùn àrá.

Ní ti ẹni tí wọ́n bá nínú ilẹ̀: èédú tó wà nítòsí egungun rẹ̀ fi nǹkan bí 11,000 ọdún hàn nígbà àkọ́kọ́. Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Caleb Folorunso ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, tún yẹ egungun náà wò, wọ́n sì gbé ọjọ́ orí rẹ̀ sáàárín nǹkan bí 11,700 àti 16,300 ọdún. Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé agbárí rẹ̀ gùn, ó sì rẹlẹ̀, kò yí rogodo bíi tiwa. Ó dà bí ti àwọn èèyàn tó ti gbé ayé ṣáájú rẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Lójú wọn, ìyẹn lè túmọ̀ sí pé oríṣiríṣi ẹ̀yà èèyàn ló ń gbé Áfíríkà papọ̀ títí di ìgbà tí kò jìnnà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn kan dà pọ̀ mọ́ra, àwọn kan sì dá wà nínú igbó tiwọn fún ìgbà pípẹ́. Mo máa ń rí àwọn tó ń pe ẹni yìí ní "Yorùbá àkọ́kọ́" lórí Facebook. Inú mi kì í dùn sí i. Kò sí egungun tó ń sọ èdè. Ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i tó láìsí pé a fi orúkọ wa lé e lórí.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá gan-an ni iṣẹ́ tí Jacopo Cerasoni, Emily Hallett, Emuobosa Orijemi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 2023. Wọ́n yẹ àwọn ohun tó ṣẹ́kù lára ewéko àti egungun ẹranko inú ihò yìí wò, láti nǹkan bí 14,000 ọdún sẹ́yìn títí di òní. Ní àyíká tó gbòòrò, ilẹ̀ yí padà: ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ayé gbóná, ọ̀dàn borí ẹgàn, kó tó di pé igbó tún padà hù. Ṣùgbọ́n ní ẹsẹ̀ àpáta yìí, wọn ò rí àmì àyípadà kankan. Igi ló wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí èèyàn ń gbé ibẹ̀. Erékùṣù igbó ni wọ́n pè é.

Mo ka ìyẹn sétí Bàbá. Ó yà á lẹ́nu pé ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó mú wa yí ẹ̀yìn àpáta ká, ó fi àdá na ilẹ̀ ibi tí òjò tó bá rọ̀ sórí òkúta ń ṣàn bọ́ sí. Dúdú ni ilẹ̀ náà, ọ̀rinrin wà nínú rẹ̀ nínú oṣù Kìíní, nínú ọyẹ́ tó ti la ẹsẹ̀ gbogbo wa. "Àpáta kì í mu omi. Gbogbo èyí tó bá rọ̀ sí i lórí, ìsàlẹ̀ ló ń dà á sí." Ó ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú ju bó ti yẹ lọ, ibẹ̀ ni ẹranko ń wá, àwọn ọdẹ sì mọ̀. N ò lè sọ pé òun nìkan ló fa á tí erékùṣù yẹn fi dúró, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kan ilẹ̀ náà, ó tutù.

Ẹ wá wò ó bí ó ṣe máa rí fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ní 6,000 ọdún sẹ́yìn. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí àpáta, tó sì rìn díẹ̀, ọ̀dàn ni: ẹran ńlá tó ń jẹ koríko, ojú ọ̀run gbalasa, ooru. Bó bá padà sílé, òjìji, igi eléso, ìgbín, omi. Ojú ọjọ́ ń yí, òun náà ń yí iye ìgbà tó ń jáde lọ sọ́hùn-ún padà, ilé rẹ̀ sì wà níbi tó wà. Èyí ló jọ mí lójú ju gbogbo ìtàn ẹni tó kó ẹrù lọ. Bàbá olóko tó fún wa ní bẹ́ǹṣì lọ́nà Oǹdó ń ṣe ohun tó jọ ọ́.

Dàmọ́lá fẹ́ mú èérún òkúta kan. Bàbá wò ó, Dàmọ́lá sì sọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ tí a jẹ́ láàfin tó, òfin orílẹ̀-èdè náà sì wà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ walẹ̀ tàbí kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgbàṣẹ. Òkúta tó ti kúrò níbi tó wà, kò lè sọ ìtàn rẹ̀ mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá lọ́dọ̀ Ìyá. Ó kọ owó tí a fún un. A fi sábẹ́ àwo.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Kìíní: Ìsàrun sí Ìbàdàn

Kò sí ọ̀kadà títí ìsìn fi parí, nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ Àìkú ṣe ọjọ́ ìpadàbọ̀. Láti Ìgbàrà-Òkè, ọkọ̀ Ìbàdàn jẹ́ ₦9,000. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, Iléṣà, Ifẹ̀, Aṣejírè. Dàmọ́lá jókòó sí ojú fèrèsé, ó ń ka igi. Bí a ti ń lọ ni igbó ń fẹ́lẹ́. Nígbà tí a fi máa dé Ìbàdàn, ẹni tó bá kọjú sí Ọ̀yọ́ ti wà ní ẹnu ọ̀dàn. Ọjọ́ kan ṣoṣo la fi rí ohun tí ilẹ̀ Ìsàrun fi ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan rí.

Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹran méjì: ₦2,800 ní Bódìjà. Kò sí àríyànjiyàn.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Kìíní: Yunifásítì Ìbàdàn

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀pìtàn tí Shaw dá sílẹ̀ ní 1970 ni a lọ. A ti kọ lẹ́tà ṣáájú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí ẹ ó bá níbẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Olùkọ́ kan tí a ò mọ̀ rí fi wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ó sì jẹ́ ká wo lẹ́búlẹ́bú òdòdó nínú maikirosikóòpù. Ibí yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebisi Sowunmi ti fi ìdí ẹ̀kọ́ nípa lẹ́búlẹ́bú òdòdó múlẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó kì í tètè jẹrà bó bá wọ inú ẹrọ̀fọ̀ tí afẹ́fẹ́ ò dé. Ẹni tó bá gún irin gbọọrọ wọ ilẹ̀ àbàtà, tó fà á jáde, tó sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpele ìpele, á mọ irú igi tó wà níbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ.

Ní Ahanve, nítòsí Àgbádárìgì, irú ẹrọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ fi hàn pé igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi iyọ̀ kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Niger Delta, Sowunmi rí i pé láti nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn ni lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ pọ̀ sí i lójijì. Ọ̀pẹ kì í fẹ́ òjìji. Ibi tí igbó bá ti ṣí, tí oòrùn wọlé, ni ó ti ń pọ̀. Sowunmi gbà pé èèyàn ló ṣí igbó yẹn, pé àmì oko ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀dá ló pa igi, tí ọ̀pẹ fi rí àyè. Dàmọ́lá gbe àwọn ọlọ́dàá. Olùkọ́ wa gbe Sowunmi, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló gbé èkùrọ́ dé gbogbo ibi tó ti hù, ṣé ọ̀dá ni? Dàmọ́lá ní ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́.

Kí a tó kúrò, olùkọ́ náà sọ fún wa nípa ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bété I ní Côte d'Ivoire, tí Yodé Guédé ti kọ́kọ́ walẹ̀ sí. Ní 2025 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé èèyàn ti ń gbé inú ẹgàn òjò níbẹ̀ ní nǹkan bí 150,000 ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ kan ṣì ń kọ́ni pé igbó ńlá ni èèyàn máa ń sá fún. Àwọn tó ń wa òkúta ti wa ibẹ̀ run báyìí. Ó ní kí a bá òun kí àwọn ará Ìsàrun, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ẹlẹ́rọ igi súnmọ́ ẹsẹ̀ àpáta. Mo fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọmọ Ìyá lórí WhatsApp kí a tó jáde ní géètì.

Ìbàdàn sí Èkó láti Ìwó Road: ₦6,500. Ẹ wọ ti ọ̀sán. Àwa wọ ti ìrọ̀lẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì gbà wá sílẹ̀ ní Berger títí di aago mẹ́wàá alẹ́, ọ̀pẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ ni Dàmọ́lá sì ń bá mi jà lé lórí ní gbogbo àsìkò yẹn.